Ẹ̀rọ àti Ẹ̀kọ́: Ohun tí a rí kọ́ lára Kọ́lẹ́ẹ̀jì Àdúgbò ní Amẹ́ríkà

Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé oṣooṣù, tí a tẹ̀ jáde nítorí àwọn tí kò lè wá

  

Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ó bí ọ̀rọ̀ òní. Ní ìpàdé tí ó kọjá, a gbé ìmọ̀ràn kan ka iwájú Ẹgbẹ́ pé kí a kó gbogbo owó tí ó wà nínú àpò ìrànlọ́wọ́ ẹ̀kọ́ wa, kí a fi ra kọ̀ǹpútà alágbèéká fún àwọn ọmọ ìlú wa tí ń kàwé ní ilé ẹ̀kọ́ gíga, kí a sì dẹ́kun owó tí a ń ná lórí àwọn olùkọ́ tí ń jókòó tì wọ́n ní ìrọ̀lẹ́, àti èyí tí a fi ń wọ ọkọ̀ fún wọn. Ìdí tí àwọn tí ó mú ìmọ̀ràn náà wá fi sọ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ìdí yẹpẹrẹ. Wọ́n ní ẹ̀rọ ti di olùkọ́ ní ayé ìsinsìnyìí. Kì í sùn, kì í ṣàìsàn, kì í béèrè owó oṣù. Wọ́n ní bí ọmọ bá ti ní ẹ̀rọ lọ́wọ́, ìmọ̀ gbogbo ayé ti wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. A ó dìbò lórí ọ̀rọ̀ náà ní ìpàdé tí ń bọ̀. Ìpinnu tí a bá ṣe ní ọjọ́ náà, orí àwọn ọmọ ọlọ́mọ ni yóò sọ̀ lé. Nítorí náà ni mo fi gbà láti sọ̀rọ̀, kí a lè fi ojú inú wò ó kí a tó gbé ọwọ́ sókè. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó wá.

Òkèèrè náà ni n ó mú yín lọ. Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, irú ilé ẹ̀kọ́ gíga kan wà tí wọ́n ń pè ní Community College. Èmi yóò máa pè é ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àdúgbò, nítorí pé àwọn ará àdúgbò ni a dá a sílẹ̀ fún. Èyí tí ó pẹ́ jù lọ nínú àwọn tí owó ìlú ń gbọ́ bùkátà wọn ni ti Joliet, ní ìpínlẹ̀ Illinois. Ní ọdún 1901 ni William Rainey Harper, olórí Yunifásítì Chicago, àti J. Stanley Brown, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ gíramà ní Joliet, pa ìmọ̀ pọ̀ láti dá a sílẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ 6 péré ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1947, ìgbìmọ̀ tí Ààrẹ Truman yàn láti yẹ ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ gíga wò dá a lábàá pé kí irú kọ́lẹ́ẹ̀jì bẹ́ẹ̀ tàn káàkiri orílẹ̀-èdè náà. Lónìí, wọ́n lé ní 1,000.

Ọdún méjì ni ẹ̀kọ́ ibẹ̀. Ẹni tí ó bá parí lè bọ́ sí iṣẹ́, bí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tàbí ti àwọn tí ń tún ẹ̀rọ ṣe; ó sì lè ti ibẹ̀ kọjá sí yunifásítì láti lo ọdún méjì tí ó kù. Owó ibẹ̀ kò tó ti yunifásítì rárá, àwọn ọmọ Yorùbá kì í sì í ṣàì sí níbẹ̀. Ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tí ó bá ti parí ilé ẹ̀kọ́ gíramà. Ẹ jẹ́ kí a mọ irú ẹni tí ń jókòó ní kíláàsì bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan ti ṣe iṣẹ́ òru mọ́jú ní ilé ìwòsàn kí ó tó wá. Ẹlòmíràn gbé ọmọ ọwọ́ sílẹ̀ fún ìyá rẹ̀. Ẹlòmíràn ti pa ìwé tì fún ogún ọdún kí ó tó tún ṣí i.

Ìdí rẹ̀ nìyí tí mo fi yan kọ́lẹ́ẹ̀jì yìí dípò àwọn yunifásítì ńlá tí gbogbo wa mọ orúkọ wọn. Ọmọ olówó tí ó ní ìwé ní ilé, tí bàbá rẹ̀ mọ̀wé, tí ìyá rẹ̀ ń béèrè iṣẹ́ rẹ̀ lálaalẹ́, bí ẹ̀rọ bá bà á jẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́, ilé yóò tún un ṣe. Ṣùgbọ́n ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àdúgbò, kò sí ohun tí yóò bo àbùkù ẹ̀rọ mọ́lẹ̀. Ohun tí ẹ̀rọ bá ṣe fún akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀, ìbáà ṣe rere, ìbáà ṣe búburú, gbangba ni a ó rí i. Àwọn ọmọ tí Ẹgbẹ́ wa ń ràn lọ́wọ́, ọmọ irú ilé bẹ́ẹ̀ ni púpọ̀ nínú wọn.

Ẹ má ṣe rò pé òní ni a bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ pé ẹ̀rọ yóò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ olùkọ́. Ní ọdún 1956, kọ́lẹ́ẹ̀jì ìlú Chicago bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ni lórí amóhùnmáwòrán, láti ibùdó tí ń jẹ́ WTTW. Ènìyàn lè jókòó sí ilé rẹ̀ kí ó máa wo olùkọ́, kí ó máa ka ìwé rẹ̀, kí ó sì máa bá a lọ bẹ́ẹ̀ títí yóò fi gba ìwé ẹ̀rí ọdún méjì. Àwọn abiyamọ, àwọn aláìlera tí kò lè jáde, àní àwọn ẹlẹ́wọ̀n pàápàá, jẹ nínú oore náà. Àwa náà kò jìnnà sí irú èrò yìí. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ jẹ́ olórí rẹ̀, ṣí ibùdó amóhùnmáwòrán WNTV ní Ìbàdàn, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ọ̀kan nínú ìdí tí wọ́n sì fi náwó sí i ni kí ó lè máa kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́. Ohun rere ni. Ṣùgbọ́n amóhùnmáwòrán ní àbùkù kan tí ẹnikẹ́ni kò lè wò sàn: ó ń sọ̀rọ̀, kò lè gbọ́ràn. Bí ojú akẹ́kọ̀ọ́ bá ṣú nítorí pé ọ̀rọ̀ kò yé e, ẹni tí ń sọ̀rọ̀ nínú àpótí kò rí ojú náà.

Ó di ìgbà tí àwọn onímọ̀ wá ẹ̀rọ tí yóò gbọ́ èsì. Láàrin ọdún 1970 sí 1979, ìjọba Amẹ́ríkà ná owó láti dán ẹ̀rọ méjì wò ní àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì àdúgbò. Ọ̀kan ni PLATO, tí Yunifásítì Illinois ti ń ṣe láti ọdún 1960. Èkejì ni TICCIT, tí a gbé lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Phoenix, ìpínlẹ̀ Arizona, àti sí òmíràn ní apá àríwá Virginia. Ẹ̀rọ yìí a máa béèrè ọ̀rọ̀, a máa gba èsì, a sì máa sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ bí ó bá ṣì í. Wọ́n wá pe àwọn tí kò ní ọwọ́ nínú iṣẹ́ náà láti yẹ̀ ẹ́ wò. Ohun tí wọ́n rí ní ti TICCIT yẹ kí a fi sọ́kàn. Àwọn tí ó forí tì í dé òpin mọ iṣẹ́ náà ju àwọn tí olùkọ́ kọ́ lọ. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó dé òpin kéré jọjọ sí àwọn tí ó parí ní kíláàsì olùkọ́. Ẹni tí ó lè gbé ara rẹ̀, ẹ̀rọ gbé e ga sí i. Ẹni tí kò lè gbé ara rẹ̀ já bọ́ lójú ọ̀nà, kò sì sí ẹni tí ó béèrè pé, níbo ni lágbájá wà láti ọjọ́ mẹ́ta yìí?

Lẹ́yìn èyí ni íntánẹ́ẹ̀tì dé. Ní Yunifásítì Columbia ní New York, ilé ìwádìí kan wà láti ọdún 1996 tí kò ní iṣẹ́ mìíràn ju ọ̀rọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì àdúgbò lọ. Àwọn onímọ̀ méjì, Di Xu àti Shanna Smith Jaggars, yẹ àkọsílẹ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó lé ní 40,000 wò ní ìpínlẹ̀ Washington. Iye ẹ̀kọ́ tí àwọn wọ̀nyí ṣe lápapọ̀ sún mọ́ 500,000. Nínú èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2014, wọ́n fi hàn pé nínú ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì, akẹ́kọ̀ọ́ a máa jáwọ́ ju bí ó ti ń ṣe nínú kíláàsì ojúkojú lọ, máàkì rẹ̀ a sì máa wálẹ̀. Kò sì dọ́gba fún gbogbo ènìyàn. Ó le fún ọkùnrin ju obìnrin lọ. Ó le fún ọ̀dọ́ ju àgbà lọ. Ó le fún àwọn aláwọ̀ dúdú, àti fún ẹni tí ìwé kò ti rọ̀ lọ́rùn láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ wo àwọn tí mo kà sílẹ̀ yìí dáadáa, ẹ̀yin àgbà. Ọmọ tiwa ni mo ń kà.

Ní ọdún 2020, nígbà tí àrùn kòrónà dé, gbogbo ẹ̀kọ́ bọ́ sórí ẹ̀rọ láàrin ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ṣí íntánẹ́ẹ̀tì wọn sílẹ̀ ní ibi tí a ń gbé ọkọ̀ sí, kí akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ní in ní ilé lè jókòó sínú ọkọ̀ kí ó máa kàwé. Síbẹ̀, nígbà tí ọdún ẹ̀kọ́ tuntun bẹ̀rẹ̀ ní ọdún náà, iye àwọn tí ń kàwé ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àdúgbò ti fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá dínkù. Àdánù tí ó bá yunifásítì kò tó bẹ́ẹ̀. Ibi tí òtòṣì ti ń kàwé ni òjò náà pa jù lọ.

Ẹnikẹ́ni má ṣe wí pé mo ń bá ẹ̀rọ jà. Ìwé pàápàá, ẹ̀rọ ni. Kí Samuel Àjàyí Crowther tó tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde ní ọdún 1843, kí Henry Townsend tó bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròhìn ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1859, orí ènìyàn ni àpótí ìwé wa. Inú orí ni àwọn arọ́kin Ọ̀yọ́ ń kó ìtàn àwọn Ọba sí. Ọmọ awo a sì máa lo ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún lẹ́sẹ̀ ọ̀gá rẹ̀ kí ó tó mọ ẹsẹ Odù, bẹ́ẹ̀ ni Odù jẹ́ 256. Nígbà tí Samuel Johnson kọ ìtàn àwọn Yorùbá, tí ó parí rẹ̀ ní ọdún 1897, tí a kò sì rí i tẹ̀ jáde títí di ọdún 1921 lẹ́yìn ikú rẹ̀, lára àwọn arọ́kin ni ó ti gbọ́ púpọ̀ nínú ohun tí ó kọ. Bí kò bá kọ ọ́, à bá ti pàdánù rẹ̀ lónìí. Ṣùgbọ́n mélòó nínú àwa tí a jókòó níhìn-ín ni ó lè ka oríkì ìdílé rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìwo ìwé? Ẹ̀rọ kì í wá ní ọwọ́ òfo, kì í sì í padà ní ọwọ́ òfo. Ohun tí ó mú wá ni a ń tètè rí. Ohun tí ó mú lọ, ó di ọjọ́ tí a bá wá a tì.

Àwọn onímọ̀ ayé òde òní ti yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò pẹ̀lú. Ní ọdún 2011, Betsy Sparrow àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé bí ènìyàn bá gbà pé kọ̀ǹpútà yóò tọ́jú ọ̀rọ̀ kan fún òun, kì í rántí ọ̀rọ̀ náà tó bí ó ti yẹ. Ibi tí ó fi í pamọ́ sí ni ó ń rántí. Ní ọdún 2014, Pam Mueller àti Daniel Oppenheimer sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ tí ń fi ọwọ́ kọ ọ̀rọ̀ olùkọ́ sílẹ̀ a máa lóye rẹ̀ ju ẹni tí ń tẹ̀ ẹ́ lórí kọ̀ǹpútà lọ. Àwọn ẹlòmíràn tún un ṣe, wọ́n tẹ tiwọn jáde ní ọdún 2019, ìyàtọ̀ náà kò sì tóbi mọ́. Èmi kò fi èyí pamọ́ fún yín, nítorí pé ó ń là wá lójú. Kì í ṣe kálàmù ni ó ní oògùn nínú, kì í sì í ṣe kọ̀ǹpútà ni ó ní májèlé. Ohun tí ọkàn ń ṣe nígbà tí ọwọ́ ń ṣiṣẹ́ ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹni tí ń fi ọwọ́ kọ̀wé kò lè kọ gbogbo rẹ̀, nítorí náà ó ní láti yan èyí tí ó ṣe pàtàkì. Yíyàn náà ni ẹ̀kọ́. Bí ẹni tí ń lo kọ̀ǹpútà bá ń yàn, òun náà yóò mọ̀ ọ́n. Bí ẹni tí ń lo kálàmù bá ń dà á kọ bí ayékòótọ́, kò sí ohun tí yóò kù sí i lórí.

Nísinsìnyìí, mo dé orí ẹ̀rọ tí àwọn onímọ̀ràn wa ní lọ́kàn. Ní ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 2022, ilé iṣẹ́ OpenAI gbé ẹ̀rọ tí ń jẹ́ ChatGPT síta. Èyí yàtọ̀ sí gbogbo àwọn tí ó ti ṣíwájú. Ẹ béèrè ọ̀rọ̀, yóò dáhùn. Ẹ ní kí ó kọ àròkọ, yóò kọ ọ́ kí ẹ tó jẹ obì tán. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí akẹ́kọ̀ọ́ lè fi iṣẹ́ tí ó péye lé olùkọ́ lọ́wọ́, tí kò sì sí ohunkóhun nínú rẹ̀ tí ó gba orí rẹ̀ kọjá. Olùkọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì àdúgbò tí ó ní ọ̀pọ̀ kíláàsì lọ́rùn kò lè fi ojú lásán mọ̀ ọ́n.

Kí ni ó ń ṣe sí ẹ̀kọ́? Àwọn onímọ̀ kan dán an wò ní ilé ẹ̀kọ́ gíramà kan ní ilẹ̀ Tọ́kì, pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ tí ó sún mọ́ 1,000, nínú ẹ̀kọ́ ìṣirò. A tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 2025. Wọ́n pín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sí ọ̀nà mẹ́ta. Àwọn kan lo ìwé wọn nìkan. Àwọn kan lo ẹ̀rọ tí ń fún wọn ní èsì ní tààrà. Àwọn kẹta lo ẹ̀rọ kan náà, ṣùgbọ́n olùkọ́ ti pàṣẹ fún un pé kí ó máa fi ọ̀nà hàn wọ́n díẹ̀díẹ̀, kí ó má ṣe fi èsì lé wọn lọ́wọ́. Nígbà tí ẹ̀rọ wà lọ́wọ́ wọn, iṣẹ́ àwọn ọ̀nà kejì fi ìdá 48 nínú ọgọ́rùn-ún dára ju ti àwọn tí ó lo ìwé lọ. Ti àwọn ọ̀nà kẹta fi ìdá 127 dára jù ú lọ. Nígbà tí a gba ẹ̀rọ kúrò, tí gbogbo wọn jókòó sí ìdánwò, àwọn tí ó ti ń gba èsì ní tààrà fi ìdá 17 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀yìn sí àwọn tí kò fi ojú kan ẹ̀rọ rí. Àwọn tí olùkọ́ ti fi ìjánu sí ẹ̀rọ wọn lẹ́nu kò rẹ̀yìn bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n wọn kò ta àwọn tí ó lo ìwé yọ pẹ̀lú, bí iṣẹ́ wọn ti dára tó nígbà tí ẹ̀rọ wà lọ́wọ́.

Ìtumọ̀ rẹ̀ kò le. Lààlàá méjì ni ó wà nínú ìwé kíkà. Lààlàá kìn-ín-ní ni ti ẹrù: rírin ọ̀nà jíjìn lọ wá ìwé, títún iṣẹ́ kọ nítorí pé yíǹkì dà sí i, jíjókòó sí òkùnkùn nítorí pé kò sí iná. Ẹ̀rọ tí ó bá gba èyí lórí ọmọ, oore ni ó ṣe é. Lààlàá kejì ni ti ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀: kí ọmọ máa wá ọ̀rọ̀ tì, kí ó ṣì í, kí ó tún un ṣe, kí ó yan èyí, kí ó kọ èyí sílẹ̀. Ẹ̀rọ tí ó bá gba èyí lórí rẹ̀ ti gba ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí a bá bá ènìyàn ru iṣu rẹ̀ láti oko dé ilé, a ràn án lọ́wọ́. Bí a bá bá a gún un, a tún ràn án lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá bá a jẹ ẹ́, ebi ni yóò sùn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìkòkò ti ṣófo, tí gbogbo ènìyàn sì rí i pé a ti jẹ iyán ní ilé náà. Máàkì tí ẹ̀rọ gbà fún ọmọ, ìkòkò tí ó ṣófo ni.

Ẹ̀yin tí ẹ kọ́ṣẹ́ ọwọ́ mọ èyí jù mí lọ. Ọmọ tí ń kọ́ṣẹ́ aṣọ híhun kì í bẹ̀rẹ̀ nípa títa aṣọ. Òwú rẹ̀ yóò já, yóò so ó. Yóò tún já, yóò tún so ó. Bí ọ̀gá bá ń hun ún fún un lójoojúmọ́ nítorí àánú, ọjọ́ tí ọmọ náà bá gba òmìnira ni ìtìjú yóò dé. Òwe wa sọ pé bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ẹ̀rọ ń fún àwọn ọmọ wa ní aṣọ àgbà ní òwúrọ̀ kan ṣoṣo. Àkísà náà, tí í ṣe ìrírí, kò lè fún wọn.

Ọ̀rọ̀ èdè wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ̀rọ tí ń sọ̀rọ̀ yìí, inú ìwé tí ó ti kà ni ó ti ń sọ̀rọ̀, èyí tí ó sì kà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì pọ̀ ju ti Yorùbá lọ ní àìlóǹkà. Ọ̀pọ̀ nínú Yorùbá tí ó bá pàdé ni kò ní àmì ohùn lórí, nítorí pé àwa fúnra wa ni a ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ lórí fóònù wa. Ẹni tí ó bá kọ ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ bákan náà, báwo ni ẹ̀rọ yóò ṣe mọ̀ bóyá ẹni tí ó gbé ìyàwó ni, tàbí èyí tí a fi ń roko, tàbí èyí tí a ń wọ̀ lọ sí Èkó, tàbí èyí tí a fi ń jagun? Ọmọ tí ó bá fi gbogbo èrò rẹ̀ lé ẹ̀rọ lọ́wọ́ yóò máa ro èrò tí ó rọrùn fún ẹ̀rọ láti sọ. Nígbà tí ó bá yá, ohun tí kò ní orúkọ ní èdè ẹlòmíràn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í rí lójú rẹ̀ bí ohun tí kò sí.

Kí ni kí a ṣe? Kí a tó dáhùn, ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn owó kan tí a ná tí ó so èso. Ní ọdún 2007, yunifásítì tí ó jẹ́ ti ìlú New York bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí ń jẹ́ ASAP ní àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì àdúgbò tí ó wà lábẹ́ rẹ̀. Ohun tí wọ́n ṣe kò ní àràmàǹdà nínú. Wọ́n fún akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan ní agbaninímọ̀ràn tí ó mọ̀ ọ́n ní orúkọ, tí ó sì ń rí i nígbà gbogbo. Wọ́n fún un ní olùkọ́ tí yóò jókòó tì í. Wọ́n ràn án lọ́wọ́ lórí ìwé. Wọ́n sì san owó ọkọ̀ rẹ̀. Ilé ìwádìí MDRC fi ìbò pín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sí ọ̀nà méjì láti dán an wò, ó sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2015. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí ó wà nínú ètò náà ti gba ìwé ẹ̀rí. Nínú àwọn tí kò sí nínú rẹ̀, ìdá 22 péré ni. Nígbà tí àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì àdúgbò mẹ́ta ní ìpínlẹ̀ Ohio ṣe irú rẹ̀, àwọn pẹ̀lú rí èso. Ẹ kíyè sí i, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi: olùkọ́ tí ń jókòó tì wọ́n, àti owó ọkọ̀. Ohun méjì náà gan-an ni ìmọ̀ràn tí ó wà níwájú wa fẹ́ kí a gé.

Nítorí náà, èmi kò sọ pé kí a ju ìmọ̀ràn náà nù. Mo sọ pé kí a tún un ṣe. Ẹ jẹ́ kí a pín owó náà sí ọ̀nà mẹ́ta. Kí ìdá méjì máa bá iṣẹ́ olùkọ́ ìrọ̀lẹ́ àti owó ọkọ̀ lọ bí ti àtẹ̀yìnwá. Kí a fi ìdá kan ra ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n kí àwọn ẹ̀rọ náà wà ní yàrá ìkàwé Ẹgbẹ́, pẹ̀lú iná mànàmáná tí ó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé, níbi tí olùkọ́ wà, kí ó má baà di pé ọmọ kan gbé e lọ sí ilé, tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi ń wo bọ́ọ̀lù.

Mo tún fẹ́ kí a fi òfin mẹ́ta tì í. Èkíní, kí ọmọ kọ́kọ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ èrò ara rẹ̀ sílẹ̀ kí ó tó béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ ẹ̀rọ. Èkejì, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan máa wá síwájú àwọn àgbà kan nínú Ẹgbẹ́ ní ìparí sáà, kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ ṣàlàyé ohun tí ó kọ́, láìsí ìwé, láìsí ẹ̀rọ. Bẹ́ẹ̀ ni a ti ń dán ọmọ awo wò láti ayébáyé, kò sì sí ẹ̀rọ tí ó lè bá ènìyàn dúró ní irú ibẹ̀. Ẹ̀kẹta, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan kọ ìwé kan fún Ẹgbẹ́ ní ọdọọdún ní èdè Yorùbá, pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀ pípé; kí a sì tẹ èyí tí ó bá dára jù sínú ìwé ìròyìn wa.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò bi mí pé, ṣé mo fẹ́ kí àwọn ọmọ wa rẹ̀yìn nígbà tí ọmọ àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ń fi ẹ̀rọ sáré ni? Ìbéèrè tí ó yẹ ni. Èsì mi ni pé àwọn orílẹ̀-èdè tí ó ṣe ẹ̀rọ náà ni ẹ̀rí tí mo mú wá fún yín ti wá. Àwọn ni ó ti ná owó, tí wọ́n sì ti rí i láti ìgbà TICCIT pé ẹ̀rọ a máa gbé ẹni tí ó ti dúró ga, kì í sì í gbé ẹni tí ó ṣubú dìde. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ wọn ni ó ti padà sí ìdánwò àfọwọ́kọ nínú kíláàsì láti ìgbà tí ẹ̀rọ tuntun yìí ti dé. Ẹni tí ó ṣíwájú ni iná kọ́kọ́ ń jó. Ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn ní ànfààní láti yà.

Ẹ̀yin Olóyè, ẹ̀yin àgbà, owó tí ó wà nínú àpò yẹn kò pọ̀. Owó àwọn ìyá tí ń tajà ní ọjà wa wà nínú rẹ̀, owó àwọn tí ó ti kú wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Kò tó èyí tí a ó fi ṣe àṣìṣe. Mo bẹ̀ yín pé kí ẹ bá àwọn olùkọ́ ìrọ̀lẹ́ sọ̀rọ̀ kí ìpàdé tí ń bọ̀ tó dé, kí ẹ sì pe àwọn ọmọ náà fúnra wọn, kí ẹ bi wọ́n léèrè ohun tí ó ń mú kí wọn máa wá, àti ohun tí ó lè mú kí wọn dẹ́kun wíwá. Nígbà tí ẹ bá ti gbọ́ ti ẹnu wọn, kí ẹ dìbò.

 Kí Olódùmarè fún wa ní ọgbọ́n tí a ó fi ṣe èyí tí ó tọ́.